Sájẹ́ǹtì Tó Ń Gba Bàtà Òsì

Bàtà kan ṣoṣo ni Ikrimah wọ̀ dé ibi ìsoyìgì rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nínú bàtà dúdú tó ń dán gbinrin, ẹsẹ̀ òsì wà nínú ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ekuru ọjà Abossey Okai ní Accra ti sọ di pupa. Àwọn ẹbí ìyàwó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá arúgbó kan láàrin wọn béèrè wúyẹ́wúyẹ́ bóyá àìsàn kan ń ṣe ọmọ náà tí wọn kò sọ fún àwọn tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá burú sí ni pé ẹni tó gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni bàbá ìyàwó fúnra rẹ̀.

Títí di òní, bí àwọn Yorùbá Accra bá dárúkọ olóògbé Kàsímù Àtàndá, ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, olúkúlùkù sì ní bó ṣe ń sọ tirẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ ìyàwó sunkún. Ikrimah kò sunkún. Ó ní ojú òun gbẹ gan-an lọ́jọ́ náà.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Kàsímù Àtàndá jẹ́ sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ojú pópó, oríta Abossey Okai sì ni ibùdó rẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gba àyè lọ́jọ́ tí wọ́n máa so yìgì Mutmainah ọmọ wọn. Ó kọ̀. Ó ní òun á ṣiṣẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, òun á sì dé kí àlùfáà tó wúkọ́ àkọ́kọ́. Ó ká agbádá rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mọ́tò ọkọ ìyàwó fi yọ láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tòun ti ríbọ́ọ̀nù níwájú. Sájẹ́ǹtì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí awakọ̀ ṣe tẹ bíréèkì. Iná ọ̀tún tàn. Iná òsì kò tàn. Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sókè.

Ikrimah bọ́ sílẹ̀, ó fi aṣọ ìgbéyàwó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde. Iná bíréèkì yín lápá òsì kò ṣiṣẹ́."

"Bàbá, ọ̀dọ̀ yín gan-an là ń lọ o."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń lọ síbẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Bọ́ bàtà òsì."

Ẹni tí kò bá mọ Sájẹ́ǹtì lè rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìlànà rẹ̀ nìyẹn. Bí iná mọ́tò rẹ bá kú, tí wáípà rẹ kò nu gíláàsì, tí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ bá sán, kò ní gbé ọ lọ sílé ẹjọ́. Yóò gba bàtà òsì lẹ́sẹ̀ rẹ, yóò ní kí o wọ inú ọjà Abossey Okai lọ, níbi tí gbogbo ẹ̀yà ara mọ́tò wà láyé yìí, kí o lọ tún un ṣe. Bí o bá tún un ṣe padà wá, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò dá bàtà rẹ padà, yóò sì wí pé: "Ẹjọ́ ti tán. Ó dàbọ̀." Bí o kò bá padà wá, ilé ẹjọ́ yóò rí ọ. Ti ẹni tó mutí yó tàbí ẹni tó já iná pupa yàtọ̀ o. Àwọn ìyẹn kì í bọ́ bàtà, tààrà ni wọ́n ń lọ síwájú adájọ́.

Wọ́n bi í léèrè rí pé èéṣe tí kì í gba láísẹ́ǹsì bíi ti àwọn yòókù. Ó ní, "Láísẹ́ǹsì kẹ̀? Ẹlòmíì ní mẹ́ta. Ẹsẹ̀ méjì péré ni Ọlọ́run dá mọ́ ẹnikẹ́ni."

Ká padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó. Ohun tó dun Ikrimah jù ni pé gílóòbù mọ́tò ni òun alára ń tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sún mọ́ oríta yẹn jù lọ, gílóòbù kún ibẹ̀ dé àjà, ó sì ti tì í pa nítorí ìgbéyàwó, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nílé. Ló bá fẹsẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ Treasure, obìnrin tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà lódìkejì títì, tí wọ́n sì jọ máa ń jà lórí oníbàárà. Treasure wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ta gílóòbù fún un, ó sì fi owó lé e. Ó ní ti ayọ̀ ìgbéyàwó ni.

Fítà tó ń tún mọ́tò ṣe kò tíì fi gílóòbù náà sí ibi tó yẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ fi gbé Ikrimah jù sínú takisí, torí àlùfáà ti ń pè. Ìdí rèé tó fi fẹsẹ̀ kan dé mọ́ṣáláṣí. Gbogbo èèyàn jókòó, wọ́n ń retí bàbá tó máa fa ọmọ fún ọkọ. Nígbà tó yá, mọ́tò oníríbọ́ọ̀nù dé, Sájẹ́ǹtì tẹ̀ lé e lórí alùpùpù, ó ti wọ agbádá lé ṣòkòtò ọlọ́pàá. Ó ní kí awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ó wo ẹ̀yìn. Iná méjèèjì tàn. Ó fa bàtà yọ lábẹ́ agbádá, ó gbé e fún Ikrimah níṣojú gbogbo ẹbí.

"Ẹjọ́ ti tán," ló wí. "Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Accra ni wọ́n bí Sájẹ́ǹtì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìnísà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Aṣọ ni bàbá náà ń tà ní ọjà Makola, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun gbà á lọ́wọ́ òun. Ọmọ ní òun kò lè máa pe iye tí òun kò ní tà á. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló yàn. Ó gbọ́ Twi, ó gbọ́ Ga, ó gbọ́ Hausa, èdè tí awakọ̀ bá gbé wá náà ló fi ń dá a lóhùn. Bí inú bá wá bí i gan-an, Yorùbá nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, jìnnìjìnnì á sì bo àwọn awakọ̀, torí wọ́n gbà pé Aláta yìí, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ń gbé èpè lé àwọn lórí. Kí ló sì ń sọ? "Ọlọ́run á tọ́ ọ sọ́nà" ni. Ó ń ṣàdúrà fún wọn, wọ́n ń gbọ̀n.

Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ tírótíró, bọ́ọ̀sì akérò Accra, fi gbọ́n ọgbọ́n kan. Wọ́n lọ sí Kantamanto, níbi tí wọ́n ti ń tú aṣọ òkìrìkà, wọ́n ṣa àwọn bàtà òsì tí kò ní ìkejì, èyí tí àwọn tó ń tà á ti jù nù. Olúkúlùkù fi ọ̀kan sábẹ́ àga. Bí Sájẹ́ǹtì bá ti na ọwọ́, wọ́n á yáa ti bàtà tara wọn sábẹ́ àga, wọ́n á na ti Kantamanto sí i, wọ́n á sì sá lọ ràì. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Sájẹ́ǹtì tó ṣàkíyèsí pé awakọ̀ kan tó jẹ́ géńdé fún òun ní bàtà obìnrin onígìgísẹ̀.

Kò bínú. Ó gba bàtà náà, ó ní, "Ó ṣeun. Ó wá ku ohun tí wọn kì í tà ní Kantamanto. Pe ìyàwó rẹ lórí fóònù." Awakọ̀ pè é. Sájẹ́ǹtì gba fóònù. "Màdáámù, ọkọ yín wà lọ́dọ̀ mi. Iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ ti kú, ó sì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti tàwọn èrò ṣeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Ó dá fóònù padà fún un. Ohun tí obìnrin yẹn sọ fún ọkọ rẹ̀ lójú títì lọ́jọ́ náà, adájọ́ kankan kò lè sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó gba bàtà.

Kò sì dá ara rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ tírótíró kan tí Sájẹ́ǹtì ti gba bàtà rẹ̀ rí sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń jó, ó ń nawọ́ sí alùpùpù ọlọ́pàá. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn! Sájẹ́ǹtì tẹ̀ ẹ́ wò, kò tàn lóòótọ́. Ó jókòó lórí òkúta, ó tú okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tòsì, ó gbé e lé awakọ̀ náà lọ́wọ́, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wọ ọjà lọ wá gílóòbù. Awakọ̀ gbé bàtà sókè bí ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Ihò wà lára ìbọ̀sẹ̀ náà. Kó tó di ọ̀sán, fọ́tò ọ̀hún ti wà lórí wáásáàpù gbogbo ayé.

Kì í ṣe bàtà ló dun Àwẹ̀ró. "Ìbọ̀sẹ̀ kún inú àpótí," ló ń ké. "Ìbọ̀sẹ̀ tuntun! Gbogbo Accra ti wá rí àtàǹpàkò ọkọ mi."

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Ikrimah gbà pé Ọlọ́run ti bá òun ṣe é. Àna òun ló ń dá mọ́tò dúró, ṣọ́ọ̀bù òun ló sún mọ́ oríta, gílóòbù ni òun ń tà. Kí lèèyàn tún ń fẹ́? Ó ra àga tuntun fún àwọn oníbàárà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìgbéyàwó, Sájẹ́ǹtì wọlé, kò jókòó sórí àga tuntun náà.

"Ikrimah, ẹni tó bá wọ bàtà kan wá síbí, má ta nǹkan fún un."

Ikrimah rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Bàbá?"

"Mo ní má tà á fún un. Bí èmi bá ń dá wọn dúró, tí ìwọ ń ta gílóòbù fún wọn, kí ni aráyé máa pè é?"

"Wọ́n á pè é ní ọjà, Bàbá."

"Wọ́n á pè é ní olè," ni Sájẹ́ǹtì wí, ó sì bọ́ síta.

Bí ìyà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan ń ya ọ̀dọ̀ Ikrimah, ojú ń kán wọn, wọn kò tilẹ̀ ń ná ọjà. Irú oníbàárà tí gbogbo oníṣòwò ń fi àdúrà wá ni. Ikrimah á kàn nawọ́ sí òdìkejì títì. "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Treasure." Àwọn kan bú u. Wọ́n ní ṣé owó àwọn ń rùn ni. Treasure kọ́kọ́ gbà pé orí ọmọ Aláta yìí ti dàrú, àánú rẹ̀ sì ṣe é, ó ń bu wàákyè, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ránṣẹ́ sí i lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, wàákyè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹyin.

Mutmainah kò lè mú un mọ́ra. Ó ti lóyún, ó sì máa ń kanra. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ nílé.

"Bàbá, ṣé ọkọ mi ṣẹ̀ yín ni?"

"Kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ dáadáa ni."

"Bí ẹ ṣe ń ṣe sí ọmọ dáadáa rèé?"

"Orúkọ ni gbogbo ohun tí mo ní, Mutmainah. Bí orúkọ mi bá bàjẹ́, kò sí awakọ̀ tó máa gbà mí gbọ́ mọ́. Wọ́n á ní owó ni mò ń wá, iná mọ́tò á sì padà kú."

Àfi bí ẹni pé ó fẹnu fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí gbogbo tírótíró Accra ṣí rédíò sílẹ̀, awakọ̀ kan pe ilé iṣẹ́ rédíò. Ó ní ọlọ́pàá Aláta kan wà ní Abossey Okai tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn, tó sì ń dà wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lọ ra gílóòbù ní tipátipá. Ní ọjà, Ikrimah gbọ́ ọ láti inú rédíò ṣọ́ọ̀bù ọ̀tún, ó tún gbọ́ ọ láti ti òsì. Ó jókòó sórí àga oníbàárà.

Ọ̀gá àgbà tuntun kan ti dé sí àgọ́ Sájẹ́ǹtì, obìnrin tó ń jẹ́ Afua, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì, awakọ̀ náà àti Ikrimah wá síwájú òun. Bí ẹ̀sùn yẹn bá fi lè jẹ́ òótọ́, wọ́n á bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn Kàsímù Àtàndá, nígbà tó ku díẹ̀ kó fi ẹ̀yẹ fẹ̀yìn tì. Ikrimah kò bẹ̀rù ọlọ́pàá tó báyìí rí, ó sì ń bínú sí àna rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìyà tí òun ti jẹ, ẹ̀sùn náà ló tún wá gbà lérè.

Bí wọ́n ṣe ń múra láti lọ, Àwẹ̀ró pe Ikrimah sí kọ̀rọ̀.

"Má bínú sí bàbá rẹ," ló wí. "Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Mísbáù. Takisí ló ń wà. Ó kọlu ọkọ̀ oníyanrìn kan tó dúró sójú ọ̀nà lálẹ́, tí kò tan iná ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ti gbé awakọ̀ oníyanrìn yẹn lọ sílé ẹjọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nítorí iná kan náà. Ó ti sanwó. Ìwé ilé ẹjọ́ wà lápò rẹ̀, iná kò sí lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀."

Àwẹ̀ró tún ìborùn rẹ̀ wé.

"Ìdí rèé tó fi wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá," ni Àwẹ̀ró wí. "Ó ní ìwé kì í tan iná. Kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí kò fẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun. Jẹ́ ká lọ."

Nínú ọ́fíìsì Afua, Sájẹ́ǹtì dúró ṣánṣán bí òpó. Awakọ̀ tó pe rédíò wà lápá kan. Afua yíjú sí Ikrimah.

"Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá oríta?"

"Èmi ni, Màdáámù."

"Gílóòbù lò ń tà?"

"Gílóòbù ni."

"Àwọn tí Sájẹ́ǹtì gba bàtà wọn, mélòó nínú wọn lo ti tà á fún?"

"Kò sí."

"Kò sí ẹyọ kan?"

"Kò sí ẹyọ kan, Màdáámù. Bàbá ló ní n kò gbọ́dọ̀ tà á."

Afua wò ó títí. Ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ní Accra, pé oníṣòwò jókòó ti ọjà, oníbàárà wá bá a, ó lé e lọ? Ikrimah mọ̀ pé òótọ́ ni òun sọ, ó sì mọ̀ pé ó dún bí irọ́. Ó wo àna rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, ó rí ìbẹ̀rù lójú Sájẹ́ǹtì.

Ìgbà náà ni ariwo sọ níta. Ilẹ̀kùn ṣí gbà, Treasure já wọlé, ọlọ́pàá kan dì í mú lápá, kò tilẹ̀ kọbi ara sí i.

"Màdáámù, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀wọ́!" ló ń pariwo. "Èmi ni mò ń tà á! Èmi Treasure! Mo gbọ́ ọ nínú rédíò, inú bí mi. Ọmọ Aláta yìí kò ta nǹkan kan. Á rí oníbàárà báyìí, á nawọ́ sí ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé orí rẹ̀ dàrú. Wàákyè mi ló ń jẹ lọ́sàn-án!"

Afua yíjú sí awakọ̀. "Ìwọ, ọ̀dọ̀ ta lo ti ra tìẹ?"

Awakọ̀ wo Treasure, ó wo ilẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni. Wọ́n kàn sọ fún mi ní ibùdókọ̀ pé àna Sájẹ́ǹtì ń ta gílóòbù, mo sì parí ìyókù fúnra mi."

"Treasure," ni Afua wí, "kò sẹ́ni tó pè ọ́. Kí ló gbé ọ wá?"

"Ei, Màdáámù!" Treasure lanu. "Bí ẹ bá lé Sájẹ́ǹtì lọ, ta ló máa ra gílóòbù mi?"

Ẹ̀rín bẹ́. Ọlọ́pàá tó di apá rẹ̀ mú jọ̀wọ́ rẹ̀ kó lè rí ọwọ́ fi di inú. Afua náà yíjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó padà yíjú sí wọn, ó ti fajú ro.

"Sájẹ́ǹtì, kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tí kò dára. Ọkùnrin kan ń ṣòwò rẹ̀ jẹ́jẹ́, o dí i lọ́wọ́ nítorí pé ó fẹ́ ọmọ rẹ. Òfin wo nìyẹn?"

"Kò sí, Màdáámù."

"Lọ tún un ṣe. Bí o bá tún un ṣe, ẹjọ́ ti tán." Ó na ọwọ́ sórí tábìlì. "Bọ́ bàtà òsì."

Wọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí ní Abossey Okai. Sájẹ́ǹtì Àtàndá gba àárín ọjà kọjá pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ kan, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní lọ́tẹ̀ yìí, ọpẹ́ ni fún Àwẹ̀ró. Àwọn fítà jáde lábẹ́ mọ́tò. Àwọn kàyáyé, àwọn ọmọbìnrin alábàárù, gbé ẹrù dúró. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Ikrimah, ó ṣí fìlà.

"Ikrimah, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Orúkọ mi ni mò ń ṣọ́, oúnjẹ rẹ ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Dákun, ta gílóòbù kan fún mi."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Kí eékún rẹ̀ tó balẹ̀, Ikrimah ti dọ̀bálẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá! Ẹ má gé ẹ̀mí mi kúrú!" Èyí ní òun kò ní dìde, ìyẹn ní òun kò ní gbà. Ìbínú tó ti wà nínú Ikrimah látọjọ́ yìí tú dànù, kò rí i mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìfẹ́ ọkùnrin yìí lọ, bí orí kunkun rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àfìgbà tí Treasure kígbe láti òdìkejì.

"Ẹ̀yin Aláta, ẹ dìde jàre! Ẹ ti dí ọ̀nà oníbàárà."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan ń lọ síbi tó wù wọ́n. Treasure kò bu wàákyè ránṣẹ́ mọ́. Ìjà orí oníbàárà padà bẹ̀rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, inú àwọn méjèèjì sì dùn.

Sájẹ́ǹtì fẹ̀yìn tì tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Kò sì jókòó sílé. Ó ń gbé àga wá sí ṣọ́ọ̀bù Ikrimah lójoojúmọ́, ó ń gbé ọmọ Mutmainah lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìka ìyẹn tọ́ka sí iná mọ́tò tó bá kú. Nígbà tí àìsàn dé, kò fa á pẹ́. Ó dùbúlẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́, ó sì lọ ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀.

Wọ́n gbé e síta níwájú ilé láti kírun sí i lára. Àwọn ẹbí wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ló pọ̀ jù. Wọ́n kún ojú pópó dé ìpẹ̀kun. Treasure wà láàrin àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, ó di Àwẹ̀ró mú. Kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, àlùfáà béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè lórí gbogbo òkú. Ó ní ẹni tí Kàsímù bá ṣẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kó jọ̀wọ́, kó forí jì í kí wọ́n tó gbé e lọ.

Níbi òkú ẹlòmíì, àwọn èèyàn á kàn kùn pé àwọn ti forí jì í, ọ̀rọ̀ á parí. Ti Sájẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ó dá mi dúró nítorí wáípà," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn, "òjò kò sì tíì rọ̀ láàárọ̀ náà. Ọ̀sán ni òjò tó rọ̀. Mo forí jì í."

"Ó pe ìyàwó mi lórí fóònù!" ni ẹlòmíì kígbe. "Mo forí jì í. Ìyàwó mi ni n kò tíì forí jì."

"Mo bú u ní Ga, n kò mọ̀ pé ó gbọ́. Kí ó forí ji èmi náà."

Ẹ̀rín gba ojú pópó. Àlùfáà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni ojú gbogbo wọn yí sí Ikrimah. Wọ́n mọ ìtàn mọ́ṣáláṣí, wọ́n mọ ti gílóòbù tí kò rí tà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tó fẹ́ forí rẹ̀ jì, òun ni. Ikrimah bọ́ síwájú.

"Kò ṣẹ̀ mí rí," ló wí.

Irọ́ ni. Gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé irọ́ ni, àlùfáà náà mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ta kò ó. Lẹ́nu ọ̀nà, Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìdájí.

"Ikrimah," ló wí, "Ọlọ́run á forí ìyẹn náà jì ọ́." Ẹkún gbà á lẹ́nu kó tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ to ẹsẹ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n kírun sí Kàsímù Àtàndá lára, wọ́n sì gbé e lọ.